Màmá àti Ọkọ̀ Ojú Omi inú Tẹlifíṣọ̀n

Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́ ló fún un ní ẹ̀rọ géèmù náà lọ́jọ́ tí ó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀. Ọdún 1988 ni. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi. Àwọn katapílà tí wọ́n fi ń la ọ̀nà Abuja nígbà náà ló ń tún ṣe, àgọ́ àwọn òyìnbó tó gba iṣẹ́ náà sì wà lápá Kado. Inú páálí bàtà ló gbé e sí wálé: àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan, ọ̀pá ìdarí méjì tí wọ́n dàbí gíà mọ́tò kéékèèké, wáyà tó lọ́ pọ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n níbi tí wáyà eríà ń gbà wọlé, ó yí bọ́tìnnì títí àwòrán fi jáde, ó ta géèmù kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní nǹkan tó dára ni. Lẹ́yìn náà ó padà síbi iṣẹ́. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ojú ọ̀nà kan tó jìnnà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló sì ń wálé.

Yàrá méjì là ń gbé ní Durumi, nínú ilé onílé kan tó jẹ́ Gwari. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa, ọmọbìnrin. Tísà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, wọ́n sì fún mi ní ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́ta, nítorí náà ilé ni mo ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Èmi àti ìyá ọkọ mi ni. Wọ́n wá láti ìlú wọn lápá Kàbà láti bá wa wẹ ọmọ.

Mo mọ̀ pé wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó fi í pamọ́ fún mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, mo sì rò pé ìyẹn ló fà á, pé wọ́n fẹ́ kí ó fẹ́ ẹni tó ń sọ èdè wọn. A kì í jà. Ohun tó wà láàárín wa kò tó ìjà, ó kàn ń mú kí ilé dákẹ́ ni. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní ìlú wọn, "Okun o," èmi á kúnlẹ̀, mà á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ló kù. Ó ti mu ọmú. Ó ti sùn. Omi rẹ̀ ti gbóná.

Ahunṣọ ni Màmá. Òfì obìnrin, èyí tí wọ́n ń gbé dúró sára ògiri, ni wọ́n fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Kò sí òfì ní Durumi. Bí wọ́n bá ti wẹ ọmọ tán, tí wọ́n sì fọ aṣọ rẹ̀, ọwọ́ wọn á dilẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò ra etí ìró wọn bí ẹni tó ń wá ibi tí òwú ti já.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ ń sùn, mo ṣí páálí bàtà náà. Kò sí ìdí kan pàtó. Nínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́ta kò yé mi. Ìkẹrin ni ti ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ kékeré kan ń gòkè odò. Òkúta ń bọ̀ níwájú rẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ń dábùú odò, bèbè méjèèjì á fẹ̀, wọ́n á tún há. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ èèyàn ni yóò fi darí ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ó bá kọ lu nǹkan, ó fọ́. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì fọ́, eré parí. Lókè, ní igun kan, nọ́ńbà ń pọ̀ sí i: mẹ́wàá fún òkúta kan téèyàn yà fún, ọgbọ̀n fún ọkọ̀ kan. Tẹlifíṣọ̀n wa kì í ṣe aláwọ̀, nítorí náà odò yẹn dàbí eérú.

Màmá ń ká ìlédìí ọmọ lẹ́yìn mi.

"Kí lo ń ṣe yẹn?"

"Géèmù ni, mà. Eré ni."

"Ta ló ń bá ọ ṣe é?"

"Ẹ̀rọ yìí náà ni, mà."

Wọ́n pòṣé, wọ́n ń ká ìlédìí wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọn kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń darí ọkọ̀ mi tó kẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn wọn lójijì.

"Òsì! Gba òsì!"

Ọkọ̀ náà ti fọ́ kí n tó yà. Mo wẹ̀yìn. Ìlédìí wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò ká a.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ pé òkúta ń bọ̀ níbẹ̀ ni, mà?"

"Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Ọ̀tún méjì, òsì kan, àárín kan, ọ̀tún méjì. Bí ó bá parí, ó tún padà wá. Bí iṣẹ́ ara aṣọ ni, ọ̀kan ṣoṣo ni. O ò rí i ni?"

N kò rí i. Ó ti tó wákàtí mẹ́rin tí mo ti ń ta géèmù yẹn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èmi tí mo ka ìwé, mo sì rò pé bí òkúta náà bá ṣe wù ú ló ń bọ̀. Mo na ọ̀pá náà sí wọn. Wọ́n ní rárá. Wọ́n wo ọmọ, ó ń sùn. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wá gbà á.

Ọkọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ fọ́ kíákíá, nítorí wọ́n ń ti ọ̀pá náà bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ wọn ti rọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti kọjá ibi tí mo lè dé, n kò sì tún bá wọn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyàwó onílé máa ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa láti wòran, bí ọkọ̀ bá sì fọ́, á pariwo "Kai!" Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n mú un. Kò sí ọ̀rọ̀ Hausa mìíràn tí wọ́n mọ̀ ju "sànnu" àti "kai" yìí lọ títí wọ́n fi kúrò ní Abuja.

Nígbà tí ìsinmi mi parí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Aago kan ọ̀sán ni a máa ń jáwọ́. Bí mo bá wọlé, ọmọ á ti yó, Màmá á ti pa àga méjì pọ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Àwa méjèèjì la wá ń ta á, ọ̀pá kan lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, bí ọkọ̀ tèmi bá fọ́, ó kan tiwọn. Bí ọkọ mi bá wà nílé, òun ló ń wo tẹlifíṣọ̀n, a kì í ta á.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí kò yé mi.

"Ìyá ọmọ, èéṣe tí wọ́n fi ń fún wa ní ọkọ̀ mìíràn nígbà tí ẹyin mẹ́ta bá tò lẹ́yìn ọ̀pá?"

"Ẹyin wo, mà?"

Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka kan ojú tẹlifíṣọ̀n, ní igun òkè. Nọ́ńbà kan àti òdo mẹ́ta ni.

"Ẹgbẹ̀rún nìyẹn, mà. Bí èèyàn bá ti pé ẹgbẹ̀rún, wọ́n á fún un ní ọkọ̀ kan sí i."

"Ẹgbẹ̀rún tí èmi ń kà?"

"Òun náà ni, mà."

Wọ́n dúró síbẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ka òwú nígbà tí mo lọ kí wọn nílé kí a tó ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n ń kà á kíákíá, wọ́n ń fò lórí ogún àti igba, n kò lè tẹ̀ lé wọn. Wọn kò lọ sílé-ìwé rí. Nọ́ńbà pọ̀ lórí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ó ní ojú.

"Nítorí náà, ọ̀pá àti ẹyin mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́," ni wọ́n wí.

Ó wá hàn pé wọ́n ti fún gbogbo nọ́ńbà lórúkọ kí wọ́n tó bi mí. Méjì ni pẹ́pẹ́yẹ. Mẹ́rin ni àga tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Méje ni ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè. Mẹ́jọ ni ọ̀já tí wọ́n ta ní kókó. Mẹ́fà àti mẹ́sàn-án, ìgbín kan náà ni, ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀, èkejì ń gun ògiri. Wọ́n mọ èyí tó ń tẹ̀ lé èyí, nítorí ojú wọn ni wọ́n ṣe ń yí lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́. Ohun tí èmi ṣe kò ju pé mo sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Kò gbà wá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo ti kọ́ ọmọ ọgọ́rùn-ún ní nọ́ńbà, kò sí èyí tó gbà á bẹ́ẹ̀.

Inú géèmù náà ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún mi. Ọkọ̀ wọn wà lójú odò, wọn kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí ọmọ mi má fẹ́ ọ."

"Mo mọ̀, mà."

"O rò pé nítorí Ọ̀yọ́ ni."

Mo gbé ọ̀pá tèmi lé ẹsẹ̀.

"Lẹ́tà ni. Nígbà tó kọ́kọ́ wá síbí, ó ń kọ lẹ́tà sí mi. Tísà ìjọ wa ló ń kà á fún mi, gbogbo ilé á jókòó. Ó wá ní òun ti rí ìyàwó, pé tísà ni. Mo ní kò burú. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà ò wá mọ́. Mo wá rò pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó máa fi ìwé bá ara yín sọ̀rọ̀, èmi ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Ọkọ̀ wọn ya òkúta kan, ó ya èkejì.

"Kò kọ lẹ́tà sí èmi náà, mà," ni mo wí. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sójú ọ̀nà, kò kọ ìlà kan sí mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà fọ́. "Kai," ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọ̀pá sí mi.

Àwa Yorùbá tí a jẹ́ Kristẹni ládùúgbò náà, inú kíláàsì ilé-ìwé kan la ti ń jọ́sìn, nítorí ilé ìjọsìn kò tíì sí. Ojú pátákó ni wọ́n ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà orin sí. Màmá mọ orin lórí, àmọ́ wọ́n máa ń dúró kí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó mọ èyí tó jẹ́, nítorí náà ìlà kejì ni wọ́n sábà máa ń bá wọn gbà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n kọ 174 síbẹ̀. Màmá na ọwọ́, wọ́n gba ìwé orin lórí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Wọ́n kọjá rẹ̀, wọ́n padà. Wọ́n fi ìka lé ibì kan.

"Ọ̀pá, ọkọ́, àga. Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, mà."

Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Màmá kò kọ ẹsẹ àkọ́kọ́. Ìwé náà ni wọ́n ń wò. Ní ẹsẹ kejì, wọ́n dara pọ̀ mọ́ wa, ohùn wọn kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. N kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, nítorí wọn kò sọ ọ́ fún mi rí.

Èmi tí mo jẹ́ tísà ni mo fẹ́ sáré jù. Lọ́jọ́ Ajé, mo mú ìwé A B D kan bọ̀ láti ilé-ìwé, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní wọn. Ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n gbé e padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń dá abọ́ aládùúgbò padà.

"N kò wá sí Abuja wá lọ sílé-ìwé, ìyá ọmọ."

N kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọkọ mi dé pẹ̀lú ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. A kò retí rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Ọkọ̀ Màmá wà ní ibi tí odò ti há, wọ́n ti lé ní ẹgbàá, a kò tíì dé bẹ̀ rí. Mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Mo mọ ìrìn ọkọ mi. Màmá ń sọ pé, "Dúró, dúró, ìgbín ti fẹ́ gòkè," mo sì ń rẹ́rìn-ín, n kò yíjú. Bí ọkọ̀ náà ti fọ́ ni a tó wẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà léjìká rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Káàbọ̀, ọmọ mi."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó yẹ kí ìyá àti ọmọ jọ ta á kí òun wòran. Ọkọ mi jókòó. Ó jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ̀rọ dáadáa, ó sì rò pé eré lásán ni. Màmá na án lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rò pé wọ́n á jẹ́ kí ó borí, àmọ́ wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀ rọra, ó ní ebi ń pa òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tú wáyà náà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí bàtà.

"Àwọn ará ibi iṣẹ́ fẹ́ yá a."

"Ìgbà wo lẹ ó dá a padà?" ni mo bi í.

"Ọmọ yìí ti fẹ́ máa rá. Kò níí pẹ́ fa wáyà lé ara rẹ̀ lórí."

Mo wo Màmá. Wọ́n ń pọn ọmọ, wọ́n ń fa ọ̀já rẹ̀ le. Bí wọ́n bá ti sọ pé kí ó fi í sílẹ̀, ì bá fi í sílẹ̀. Bí èmi bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́. N kò sọ nǹkan kan, nítorí mo ń retí kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn náà sì lè máa retí mi. Ó gbé páálí náà sábẹ́ abíyá, ó jáde. Ẹ̀rọ náà kò padà wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Màmá ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́jọ, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn dé gáréèjì. Ẹni tó ń pe èrò nawọ́ sí ọkọ̀ kan, Màmá kò wọ ọ́. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n rìn yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kà á jẹ́jẹ́. Wọ́n wá wọlé, wọ́n jókòó sídìí fèrèsé.

Ó tó ọdún kan kí n tó bi ọkọ mi ìdí tó fi gbé ẹ̀rọ náà lọ. Mo rò pé á sọ pé ìtìjú ni, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ó pẹ́," ni ó wí. "Màmá ń sọ nǹkan kan nípa ìgbín, ìwọ ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Nínú ilé mi."

Mo ní kò yẹ kí ó tìtorí ìyẹn gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Mi ò sọ fún un pé mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.

Kérésìmesì tó tẹ̀ lé ìyẹn la lọ sílé wọn. Wọ́n fi èmi àti ọmọ jókòó sí ìlà àwọn ìyá àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé nọ́ńbà orin kọ́, Màmá ló ń ṣí ìwé àwọn ìyá mẹ́fà tó wà ní ìlà náà, wọ́n á nà án sí wọn tẹ̀ léra-tẹ̀ léra. Nínú ìyá wọ̀nyẹn, méjì péré ló lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àwọn yòókù kàn di ibi tí ó yẹ mú ni.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá náà yí mi ká. Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń súre fún mi. Wọ́n ní ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe bẹbẹ, pé kò sí ìyàwó mìíràn tó lè ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ láti kọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìwé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé pé inú géèmù ni Màmá ti kọ́ ọ fúnra wọn. Màmá wà lẹ́yìn àwọn ìyá náà, ọmọ mi wà lápá wọn. Màmá wò mí tààrà, wọ́n mi orí díẹ̀, pé rárá.

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo sọ fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi wà lẹ́bàá ògiri, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Màmá kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Níbi ìsìnkú wọn, àlùfáà tún sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ pé èmi ni mo kọ́ wọn. Mo rántí bí Màmá ṣe mi orí sí mi, mo dìde, mo tẹríba fún ìjọ, mo jókòó.